Ta ló ti bímọ pẹ̀lú kòkòrò Group B Streptococcus, tí ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílìnì?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin agbẹ̀bí. Oyún mi ti di ọ̀sẹ̀ 37. Wọ́n fi òwú gba omi ojú ara àti ti ihò ìdí mi, àyẹ̀wò sì fi hàn pé Group B Streptococcus wà níbẹ̀. Kò dùn mí, kò yún mi. Dókítà ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in láìmọ̀, pé kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ran ọmọ nígbà ìrọbí, kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tàbí kó fa yírùnyírùn.

Ohun tó ń já mi láyà nìyí: pẹnisílìnì ni wọ́n sábà máa ń fà sí iṣan aboyún nígbà ìrọbí, ó dára kó ti wọlé ní wákàtí 4 kí ọmọ tó dé. Ara mi kì í gbà á rárá. Nígbà tí mo gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí, ojú àti ọ̀fun mi wú, agbára káká ni mo fi ń mí. Wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn mìíràn tó ń jẹ́ clindamycin lè pa kòkòrò tèmi. Bí kò bá lè pa á, vancomycin ni wọ́n máa lò.

Ẹ̀yin tó ti gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, báwo ló ṣe rí lára yín? Ṣé wọ́n dá ọmọ dúró sí ọsibítù láti máa ṣọ́ ọ? Bí ìrọbí bá yá, tí ọmọ dé kí wákàtí 4 tó pé ńkọ́? Ọmọ mi àkọ́kọ́ ò pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, lẹ́yìn ìbímọ, yàtọ̀ sí ibà, inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, kí ni kí n tún máa ṣọ́ lára mi?