Ìbọn ọdẹ tó fúyẹ́, tó ṣeé tú palẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ti yìn ín rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Ẹ kú ìjókòó o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan níhìn-ín ní Texas ń ṣe ráífù ọdẹ tuntun. Ó fúyẹ́, ó ṣeé tú palẹ̀, èèyàn sì lè pààrọ̀ ìdí rẹ̀ tí à ń fi ti èjìká, ọ̀pá rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde àti ibi tí à ń dì mú. Kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, wọ́n pe díẹ̀ nínú àwa oníbàárà wọn sí oko kan pé ká wá fi dẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ká sì sọ ohun tí a rí. A rìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà léjìká mi. Ìgbà tí mo yìn ín ni mo mọ̀! Ó ta mí léjìká bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn ni pé kí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn sí ìdí rẹ̀. Ta ló ti bá irú èyí pàdé?

Àkàndé_ATL
Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ọta kan náà, ẹ̀tù kan náà, ìbọn wá dín ní ìwọ̀n, agbára yẹn gbọ́dọ̀ wá ibì kan lọ. Èjìká yín ni.

Sheu Ìlọrin
Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Mo kọjá.

Ìyá Ìbejì Houston
Èmi náà wà lóko yẹn o, Ọmọ Ọdẹ, bóyá ẹ ò dá mi mọ̀ nítorí fìlà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin, ìwọ̀n ni ẹ ń pariwo lé lórí, èyí fúyẹ́, èyí ò fúyẹ́. Èmi ò rí ti ìwọ̀n rò. Ìdí ìbọn yẹn gùn ju apá mi lọ! Bí mo bá gbé e sójú, mo ní láti na ọrùn kí n tó rí inú awò, ìka mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ dé tírígà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn gbogbo rí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin gíga ni wọ́n ń wọ̀n wò kí wọ́n tó ṣe é. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù, mo ní wá, gbé e dání bí èmi ṣe gbé e, kí o wò ó. Ó gbé e, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa pè wá padà, wọ́n ti ṣe ìdí rẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, èèyàn lè yọ èyí tí kò bá fẹ́ kúrò kó sì kúrú. Mo yọ púpọ̀ níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣe é fún.
Títa tó ń ta yín yẹn náà, ẹ lọ wo bí ìdí rẹ̀ ṣe jókòó sí yín léjìká. Ìbọn tó bá gùn jù fún èèyàn kì í jókòó síbi tó yẹ.

Bọ̀dé_PA
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Ìyàwó mi ti ń sọ èyí fún mi tipẹ́, mo ní ó kàn ń ṣàwáwí ni.

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Kò-gbà-gbọ́
Ẹ má tan ara yín jẹ. Ilé iṣẹ́ wo ló ń gbọ́ tẹnu oníbàárà? Wọ́n á ní kí o sọ̀rọ̀ kí o lè máa rò pé tìẹ ni ìbọn náà, kí o lè rà á. Àwòrán rẹ̀ ti parí kí wọ́n tó pè yín síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Houston
Àbúrò, èmi rí i, o ò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbòho
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ń pe èyí ní nǹkan tuntun? Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ló rọ ṣakabùlà bàbá mi. Bí igi ìdí rẹ̀ bá ń gún bàbá lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé e padà lọ, alágbẹ̀dẹ á fá a níwájú wọn, wọ́n á gbé e sójú, ó tún fá díẹ̀ sí i. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan. Bí iṣẹ́ ò bá dáa, gbogbo ọdẹ ìlú ló máa gbọ́ nígbà tí ẹmu bá wọra.

Bọ̀dé_PA
@Ọmọ Ìgbòho, ṣé bàbá níwèé àṣẹ?

Ọmọ Ìgbòho
Ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? 😂 Wọ́n ní o. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára ráífù ọdẹ, àmọ́ méjèèjì ló gba ìwé àṣẹ.

Bàbá Maryland
Ìbọn títú-tò kì í ṣe tuntun lóòótọ́. Ráífù Ruger 10/22 ti wà lọ́jà láti 1964, síkúrù méjì péré ló di ọ̀pá mọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ fúnra wọn nílé. Ti ọmọ mi ọkùnrin, kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tí mo rà fún un mọ́, àfi ibi tí nọ́ńbà wà. Ráífù AR-15 náà ńkọ́? Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 ni Eugene Stoner ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ nílé iṣẹ́ ArmaLite, wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ Colt ní 1959. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tú u tí wọ́n ń tò ó.

Àkàndé_ATL
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀pá. Mo yin irú ìbọn fẹ́lẹ́ yẹn ní pápá ìdánrawò. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ bọ́ sójú kan náà. Nígbà tó máa di ọta mẹ́wàá, ọ̀pá ti gbóná, ọta ti ń rìn kiri lójú páálí. Ọ̀pá tínrín kì í fara da ooru. Mo kọ ọ́ fún wọn.

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Àkàndé, ọdẹ wo ló ń yin ọta mẹ́wàá sí ẹran kan?

Àkàndé_ATL
Ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n yìn 😂

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Mo ń bi yín ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ lóko lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń yìnbọn ní pápá fẹ́ ọ̀pá tó nípọn. Àwa tí à ń rìn nínú igbó, a ò fẹ́ gbé irin kiri. Ilé iṣẹ́ náà ò mọ ẹni tí wọ́n máa dá lóhùn. Níkẹyìn wọ́n ní àwọn máa ṣe ọ̀pá oríṣi méjì, kí oníkálukú mú tiẹ̀.

Kò-gbà-gbọ́
Kí wọ́n lè ta méjì fún yín. Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí?

Títí_Calgary
Fífúyẹ́ ní ìwọ̀n o. Nínú eré ìje orí yìnyín tí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n tún ń yìnbọn, òfin ni pé ìbọn ò gbọ́dọ̀ dín ní kìló 3.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí.

Bọ̀dé_PA
Yorùbá wo lo rí lórí yìnyín, Títí?

Títí_Calgary
Èmi. Mo ṣubú, àmọ́ mo dé orí ẹ̀.

Gbóyè Peckham
Ẹ ń gbádùn níbẹ̀ o. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìpànìyàn Hungerford ní 1987, wọ́n fòfin de ráífù tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ ní 1988, àfi èyí tó ń yin ọta kékeré .22. Nítorí náà, èyí tó jọ AR-15 lọ́wọ́ wa, a ní láti fọwọ́ fà á lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá sì máa wá wo kọ́bọ́ọ̀dù irin nílé kí o tó gba ìwé.

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Kí ló wá kù tí ẹ fi ń rà á?

Gbóyè Peckham
Ó ṣeé tú palẹ̀, ó ṣeé pààrọ̀, ó bá mi lára mu. Ṣé dandan ni kó máa yára ni?

Bọ̀dé_PA
Ní Pennsylvania náà, wọn ò gbà kí á fi èyí tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ pa àgbọ̀nrín. Fà-á-kó-o-yìn-ín la fi ń ṣe é, ẹran sì ń kú.

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ò dúró de ẹni tó ń fà á. Agbo ni wọ́n ń rìn. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń fi oko àgbàdo ṣe kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tulsa
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà lórí rẹ̀. Ṣé mo lè ra irú ìbọn yìí?

Bàbá Maryland
Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á fún ẹni tó wà lórí físà bẹ́ẹ̀, àfi tí o bá bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ bá lọ́yà kọ́kọ́. Má fi ìwé rẹ ṣeré nítorí ẹlẹ́dẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tulsa
Ẹ ṣé, sà.

Sheu Ìlọrin
Mo padà wá. Ẹran tí ẹ pa yẹn, ẹ jẹ ẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì Houston
Mo sè é títí ó fi rọ̀, mo fi ata rodo tó pọ̀ sí i. Sheu, a máa pa àgbọ̀nrín fún ẹ tó bá di àsìkò rẹ̀.
Ọmọ Ọdẹ, ẹ̀ẹ̀kan sí i kí n tó gbàgbé: bí wọ́n bá tún pè yín ṣáájú mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé irin tí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ yẹn ń gún mi lẹ́yìn. Kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọmọ Ọdẹ Dallas
Màá sọ. Ó ń gún èmi náà, mo rò pé ẹ̀yìn mi ló ń dùn mí ni.