Mo ti rí ojútùú: sípíríǹgì fún camshaft tuntun

Mo béèrè bóyá sípíríǹgì àtijọ́ tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì padà lè gba camshaft (ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù) tuntun tó ń ṣí fáàfù ní mílímítà 15. Kò lè gbà á rárá. Wáyà rẹ̀ á ti fún mọ́ra pátápátá kí fáàfù tó ṣí tán. Pushrod, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára camshaft lọ síbi fáàfù, ló sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Sípíríǹgì onílọ́po méjì ni mo mú, tí fáàfù bá ṣí tán, ó ṣẹ́ ku mílímítà 1.5 kí wáyà tó kanra.

Ẹ wo abẹ́ retainer (ìdérí tó di sípíríǹgì mọ́ fáàfù) náà: kò gbọ̀dọ̀ kan róbà tó ń dí epo. Gígùn pushrod kì í ṣe ohun àfojúdá o, pushrod ìwọ̀n tó ṣeé fà gùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Àlàfo láàárín fáàfù àti písítìnì: mílímítà 2 fún fáàfù afẹ́fẹ́, 2.5 fún ti èéfín, torí ooru ń mú un gùn, písítìnì sì ń lé e bọ̀.