Ẹ wá sọ ohun tí ẹsẹ̀ fojú yín rí

Ìyá Tíṣà, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń sọ pé màá kọ èyí. Iná wà lónìí, àwọn ọmọ ti sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíì náà lè sọ tiẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ló rọ̀ lọ́jọ́ náà. Pákó kan wà lórí gọ́tà iwájú ilé wa, ó ti pẹ́ níbẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má sáré lórí ẹ̀. Mo gbé àpò ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi dání, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, kí n tó gbé ìkejì, pákó ti yọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí sínú, gbogbo ara mi sì jókòó lé e. Mo gbọ́ "kó!" Mo rò pé pákó ló kán. Pákó ò kán o.

Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Ìyá ẹlẹ́kọ, ọlọ́kadà méjì, àti bàbá kan tí n ò mọ̀ rí títí dòní. Bàbá yẹn ló di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní ó rọ́ ni, òun máa fà á kó padà sípò. Ẹ̀yin ará, ó fà á. Orúkọ ìyá mi ni mo fi pariwo, ìyá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Wọ́n tún gbé omi gbígbóná dé. Wọ́n fi aṣọ ìnura jó o, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi rọ́ọ̀bù ra á, kálukú ń fọwọ́ tiẹ̀ kún un. Nígbà tó fi máa di alẹ́, n ò ní ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Ojúgun kàn já sórí ọmọ ìka ni.

Nọ́ọ̀sì tó bá mi wí lẹ́yìn náà ló là mí lóye. Ó ní ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi dídì ni kéèyàn wá, kó fi aṣọ wé e, kó gbé e lé ibẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó gbé e kúrò, tó bá tó wákàtí méjì kó tún gbé e lé e. Kó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ẹsẹ̀ yẹn, a sì tún ń fi omi gbígbóná àti ìwọ́ra pe òmíràn kún un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń ta kítí lọ síléèwé. Mo ní ó rọ́ lásán ni. Kí n má parọ́, owó ni mo ń rò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní, "Mà, ẹ bá mi gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin." Mo gbé méjì, mo di tábìlì ẹ̀ mú. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ mi lápá òde, mo fò sókè. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì tó kéèyàn fi lọ ya X-ray. Àwòrán náà sì sọ ọ́: eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ojúgun rìn ti sán nítòsí kókósẹ̀. Kò kúrò láàyè ẹ̀, ìyẹn ni kò fi la iṣẹ́ abẹ lọ. P.O.P., ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní alẹ́ kejì tí wọ́n dì í, ọmọ ìka mi tutù, àwọ̀ wọn yí padà, mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò mọ̀. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Mo ní rárá, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. A lọ lóru yẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ la P.O.P. náà kó lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe lákòókò nìyẹn.

Ìyókù ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fúnni. Ṣáláńgá la ní nílé. Ẹ ro ó wò, ẹsẹ̀ kan bí òpó, kéèyàn fẹ́ lóṣòó! Kápẹ́ńtà àdúgbò ló gbẹ́ ihò sáàárín àga onígi kan fún mi. Ó ṣe é dáadáa, ó tún fi sáńpépà họ ọ́ kó má bàa gún mi. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Yíyún ńkọ́? Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ki nǹkan bọ inú ẹ̀ torí egbò. Mo gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gé P.O.P., ìdérí bírò méjì ló bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wo òrùlé.

Mo ti gbé bàtà kejì dání lọ́jọ́ náà, mo lérò pé màá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Háà. Ẹsẹ̀ tó jáde, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àdìyẹ, awọ ń ṣí lára ẹ̀, ó gan, kò ṣeé gbé sókè, kò ṣeé tẹ̀ sílẹ̀. Físíò, ẹni tó ń fi eré ara wo eegun àti iṣan sàn, ní kí n máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ álífábẹ́ẹ̀tì sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo ní tíṣà ni mí, álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ni màá kọ. A, b, d kò burú. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló fẹ́ pa mí, torí kéèyàn tó lè fi í síbẹ̀, àfi kó na ọmọ ìka wálẹ̀ dáadáa.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Bàbá Dírẹ́bà

Ìyá Tíṣà, ẹ kú ìrora. Tèmi ò ní gọ́tà, kò ní pákó. Mo sùn ní àlàáfíà, aago méjì òru ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì jí mi. Ó pọ́n, ó wú, ó ń jó. Etí aṣọ ìbora kàn án lásán, omi bọ́ lójú mi, èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ìyàwó mi ní mo ti tẹ nǹkan. Ó ní ibi ìpàdé ẹbí tá a ṣe lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ti dà á sílẹ̀ dè mí. Èmi náà gbà, torí mo mọ ẹni tí ojú ẹ̀ ò dán sí mi níbẹ̀. A pe ẹni tó máa yọ ọ́. Ó sín gbẹ́rẹ́ yí àtàǹpàkò ká, ó gba owó, ó gba àkùkọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ìrora náà lọ. A jó.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá, n ò sì lọ ìpàdé kankan.

Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ní kí n lọ yẹ̀ wò. Gout ni. Ó ní ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní uric acid, tó bá pọ̀ jù a dì bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ sínú oríkèé. Ó ní kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́, pé ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, a sì tún padà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí mo máa ń ní kí wọ́n fi lé àmàlà mi, bíà alaalẹ́, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó ń múni tọ̀, gbogbo ẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Dókítà ló pààrọ̀ oògùn yẹn o, ẹ má lọ dá tiyín dúró fúnra yín. Mo ti ń lo oògùn kan lójoojúmọ́ báyìí, ó ti lé lọ́dún kan tí kò tíì padà.

Ti arákùnrin tí mo fura sí, mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. N ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Alámàlà, Arówómọlé

Bàbá, ẹ̀dọ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lẹ ti ń jẹ ẹ́? Ẹ má bínú sà.

Gìgísẹ̀ ni tèmi. Aago márùn-ún ìdájí, bí mo bá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣó! Bí mo bá rìn yí ilé ká tán, á rọ̀. Bí mo bá jókòó já ewédú tí mo dìde, ìṣó tún dé. Mo pè é ní làkúrègbé, mo mu àgbo fún oṣù mẹ́rin. Mo ya X-ray, wọ́n rí eegun kékeré kan tó yọ bí ṣóńṣó ní gìgísẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà ní kí n nu ojú mi, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú ẹ̀ tí kò dùn wọ́n. Okùn tó nípọn kan ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka, òun ló ń dùn mí. Èmi tí mò ń dúró ro àmàlà lórí sìmẹ́ǹtì láìwọ bàtà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí mo sì tún sanra.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, màá fi ìrépé aṣọ kọ́ ọmọ ìka, màá fà á sọ́dọ̀ ara mi. Màá tún fọwọ́ ti ògiri, màá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, màá ka oókan dé ọgbọ̀n. Wọ́n ní kí n máa fi nǹkan róbótó yí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ìjókòó. Omorogùn mi àtijọ́ ni mo fi ń ṣe é. Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà, kò wọ ìkòkò mọ́ o! Bàtà tó rọ̀ ni mo wọ̀ nídìí iná. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ wà, mo ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú èyí ná. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n ń tàn mí ni.

Ọmọ Under G

Ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ sà. Ẹsẹ̀ òsì mi rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Bọ́ọ̀lù ló fa àkọ́kọ́. X-ray ò rí nǹkan kan, inú mi dùn, ọjọ́ kẹwàá mo ti wà ní pápá. Ó tún rọ́. Ìgbà kẹta, mo kàn ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. Físíò ní ìrora ló lọ, okùn tó so eegun pọ̀ lápá òde kò tíì le, àti pé ẹsẹ̀ yẹn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó ní kí n máa fi òun nìkan dúró. Àárọ̀ tí mo bá ń fọ eyín, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Ẹni tá a jọ ń gbé ń pè mí ní lékèélékèé. Ó rọrùn létí, àbí? Ẹ di ojú yín kẹ́ ẹ dán an wò.

Ará Sábó

N kì í sọ ti wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó sùn. Àbúrò mi, ọ̀kadà, ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ojúgun kán, awọ ò bẹ́. Ilé atoeegun la gbé e lọ, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ọsibítù á gé e. Wọ́n to igi oparun yí i ká, wọ́n fi aṣọ dì í le dan-in dan-in. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó ń ké pé ká tú òun. Wọ́n ní eegun ló ń so. Lọ́jọ́ kẹta kò ké mọ́, ara wa balẹ̀. Ẹsẹ̀ ti kú ni kò fi ké mọ́. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n gé e sí, ní ọsibítù tá a sá fún.

Bàbá Dírẹ́bà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù yín nínú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tá a jọ ń wakọ̀ lọ sí Ìlọrin, ilé atoeegun ló ti rìn jáde, ó ṣì ń wakọ̀.

Ará Sábó

Mo gbà, Bàbá. Ṣé wọ́n ya X-ray fún un? Ṣé wọ́n ń tú u wò?

Bàbá Dírẹ́bà

N ò bi í.

Ọmọ Ìyá Oníṣúgà

Kíá ni tèmi. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ ìyá mi lẹ́nu. Wọ́n wọ bàtà lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì ni mo rí kí n tó mọ̀ pé ìṣó ti wọlé láti ìsàlẹ̀ bàtà. Kò dùn wọ́n rárá. Dókítà ní àìdùn yẹn gan-an ni wàhálà. Alaalẹ́ ni mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn báyìí, àtàwọn àárín ọmọ ìka. Wọ́n ní mò ń ṣe bí ọlọ́pàá.

Ìyá Tíṣà, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ará Sábó, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi kí àbúrò yín.

Láti 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ọsibítù sílẹ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, èyí tá à ń pè ní Bowen lónìí. Síbẹ̀, nínú gbogbo èrò tó yí mi ká ní etí gọ́tà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọsibítù kankan. Èmi náà ò dárúkọ ẹ̀.

Ẹni tó bi mí níkọ̀kọ̀ pé ṣé ó ti tán: kò tíì tán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ṣì ń wú, ojú ìbọ̀sẹ̀ á sì hàn lára ẹ̀. Mo lè gun àtẹ̀gùn iléèwé, sísọ̀kalẹ̀ ni mo ń di irin mú fún. Pákó yẹn ṣì wà níbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ní tí òjò bá dá, òun á da kọnkéré sí i. Mò ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì lábẹ́ tábìlì bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ti dé ṣ.