Mo jẹun nílé ìjọsìn àwọn Síìkì, ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀

Ọmọ Sẹ́lẹ́ ní London:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má tíì bú mi.

Mò ń kàwé gboyè kejì lórí ìmọ̀ ẹ̀sìn níbí. Olùkọ́ wa ní kí kálukú lọ sí ilé ìjọsìn mẹ́rin tí kì í ṣe tirẹ̀, kó kọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀sìn ló fẹ́ o, ó ní ìyẹn ti wà nínú ìwé. Mo ti lọ sí mẹ́ta: mọ́sálásí, sínágọ́gù àwọn Júù, àti gurdwara àwọn Síìkì ní Southall.

Southall yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á fọ ọwọ́, á bo orí. Ẹni tí kò bá mú ìborí wá, aṣọ pélébé aláwọ̀ ọsàn wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ìwé mímọ́ wọn, Guru Granth Sahib, ló wà lórí ìtẹ́, ẹnì kan jókòó tì í, ó ń fi nǹkan onírun funfun kan fẹ́ ẹ. Mo wò ó títí. Ìrùkẹ̀rẹ̀ ni! Ìrùkẹ̀rẹ̀ bíi tàwọn ọba wa. Wọ́n ní ìwé náà gan-an ni Guru wọn, ìyẹn olùkọ́ wọn nípa tẹ̀mí, tó bá di alẹ́, wọ́n á gbé e lọ sùn sí yàrá tirẹ̀. Èmi tí mo máa ń gbé ife tíì lé Bíbélì lórí!

Ó wá kan oúnjẹ, langar ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Láti ayé Guru Nanak tó dá ẹ̀sìn wọn sílẹ̀, tí wọ́n bí ní 1469, ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Gbogbo wa jókòó sílẹ̀ ní ìlà kan náà. Bàbá arúgbó kan ń pín róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Mo na ọwọ́ ọ̀tún bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, ó mirí, ó ní kí n tẹ́ méjèèjì. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó gbóná janjan. Oṣù keje tí mo dé London rèé, ìgbà àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà kan máa bu oúnjẹ fún mi nìyẹn.

Mo ya fọ́tò, mo fi sí status. Ìyá mi rí i. "Ta ló wé gèlè fún ọ?" Ó ní mo ti jẹ oúnjẹ òrìṣà, ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọmọ Bahia kan wà ní kíláàsì wa, láti Brazil, ẹlẹ́sìn Candomblé ni, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn lọ́hùn-ún. Ó bi mí ní ìtumọ̀ "Ora yê yê ô" tí wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wọn. Mo ní "Oore Yèyé o" ni, mo ṣàlàyé. Ó wá ní, "Nílé tiyín ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe?" Ẹnu mi wọhò. Babaláwo ni bàbá tó bí bàbá mi. Àbúrò rẹ̀ ṣì wà láyé nítòsí Òṣogbo, ó ṣì ń dífá, a kì í sì í ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kékeré. "Fá" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa kí bàbá mi tó fi "Jésù" rọ́pò rẹ̀. Mo wọ gurdwara láìbẹ̀rù, àyà mi wá ń já láti pe bàbá yẹn lórí fóònù.

Ilé ìjọsìn kan ló kù. Ṣé kí n fi ìdílé wa ṣe é? Kí ni kí n sọ fún ìyá mi?

Ìránṣẹ́ Olúwa:
Arákùnrin, sá! Ohun tí wọ́n bá gbé fún ère kì í ṣe oúnjẹ ọmọ Ọlọ́run. Ìyá rẹ ń rí ohun tí ìwọ ò rí.

Ọmọ Sẹ́lẹ́ ní London:
Ẹ ṣeun sà. Kò sí ère kankan níbẹ̀ o, wọn kì í bọ ère rárá. Ìwé yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Peckham:
Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́! Mo mọ Southall yẹn dáadáa, ìrẹsì oníwàrà wọn ò láfiwé.
Ẹ wá gbọ́, ìyá Sẹ́lẹ́ ló ń bínú pé ọmọ bọ́ bàtà jọ́sìn? Ẹ̀yin tí ẹ ò fi bàtà wọ sùtánà láti ìgbà tí Oshoffa ti dá ìjọ sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947?

Alhaja Sùúrùlérè:
Ẹ fẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi, Kùránì, Súrátul Hujurat, àyà 13, sọ pé Ọlọ́run pín wa sí orílẹ̀-èdè àti ìdílé ká lè mọ ara wa. Lílọ rẹ ò burú. Èmi náà tẹ̀ lé àwọn ará ibiṣẹ́ lọ sí gurdwara rí. N kò forí balẹ̀ fún ìwé wọn, mo jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sì tọrọ àyè kí o tó yọ fóònù ya fọ́tò àwọn tó ń jẹun?

Ọmọ Sẹ́lẹ́ ní London:
Mà, mo forí balẹ̀. Wọ́n ń ṣe é níwájú mi, wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn mi, a sì máa ń forí kanlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọrùn mi ti lọ sílẹ̀ kí n tó ronú. N kò tíì sọ ìyẹn fún màmá. Ti fọ́tò, n kò tọrọ àyè. Mo ti yọ ọ́ kúrò.

Ọmọ Awo:
Pe bàbá náà. Kí i ní "Àbọrú àbọyè", àgbà á dá ọ lóhùn. Sọ fún un tààrà pé o ò wá dífá, pé ìbéèrè lo ní. Má bẹ̀rẹ̀ látorí Odù 256, á rẹ ìwọ náà. Bi í bí wọ́n ṣe sọ bàbá bàbá rẹ lórúkọ àti Odù tó jáde nígbà náà. Tí o bá délé, mú obì dání.

Tíṣà Àgbà:
Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Awo lórí pípè, n kò gbà lórí iṣẹ́ kíláàsì. Bó bá jẹ́ nítorí máàkì lo ṣe pe bàbá tí o ò pè láti kékeré, á mọ̀ ọ́n lóhùn rẹ. Lọ sí tẹ́ńpìlì Híńdù tó wà ní Neasden, èyí tí wọ́n ṣí ní 1995, kọ ìyẹn fún olùkọ́. Òkúta tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní Íńdíà kí wọ́n tó kó o wá sí London ni, wàá rí nǹkan kọ. Kí o pe bàbá Òṣogbo yẹn lọ́tọ̀.

Ti ìyá rẹ, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pè é. Bó bá tọ́ka sí Bíbélì, rán an létí Pọ́ọ̀lù ní Áténì, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17: ó rìn yíká, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn kínníkínní, kó tó lanu. Ṣùgbọ́n má kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Orí oúnjẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Sẹ́lẹ́ ní London:
Mo pè é lálẹ́ àná. Mo sọ ti ọbẹ̀ ẹ̀wà, mo sọ ti bàbá oníróòtì. Ó ní, "Ẹran wà níbẹ̀?" Mo ní wọn kì í se ẹran níbẹ̀. Ó dákẹ́. "Wọ́n bù ú kún?" Mo ní wọ́n bù ú kún, wọ́n tún fi kún un. Mo wá sọ ti orí tí mo fi balẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun máa parí ààwẹ̀ òun.

Nígbà tí mo dárúkọ bàbá Òṣogbo, mo rò pé fóònù ti já. Ó ní, "Tí o bá máa pè é, àárọ̀ ni o. Tó bá ti di ọ̀sán, etí rẹ̀ kì í gbọ́ dáadáa mọ́."

Òun náà ló fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.