Ọbẹ̀ ìyá àgbà, ta ló rántí ẹ̀ dáadáa?

Ìyá àgbà mi kì í fi ṣíbí bu iyọ̀. Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi ń mú un, wọn a sì rọra máa ra á sórí àlùbọ́sà tó ń gbóná nínú òróró, kí omi tó kan ìkòkò rárá. Omi ara àlùbọ́sà a jáde, á rọ̀, kó tó wá máa pọ́n. Bí ẹ bá bi wọ́n pé mélòó ni iyọ̀ náà, wọn a ní, "Bó bá ti tó, ìwọ náà á mọ̀."

Látìgbà tí wọ́n ti lọ, ọbẹ̀ ẹja wọn ti di ìjà nílé wa. Màmá mi, àkọ́bí wọn, ní ọbẹ̀ náà kì í ta, iyọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Àǹtí mi, àbígbẹ̀yìn, ní irọ́ ni, ata a máa fa omi lójú èèyàn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi a ti wábi gbà.

Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, imú ọ̀pọ̀ àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn mọ́, imú ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ nínú adùn oúnjẹ. Ẹni tó ń dáná á wá máa fi iyọ̀ àti ata kún un títí yóò fi dùn lẹ́nu òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá mi kọ́ ọbẹ̀ náà nígbà tí ara ṣì le, àǹtí kọ́ ọ nígbà tí irun ti funfun.

Ti àǹtí ni mo fẹ́ràn (ẹ má sọ fún màmá mi o). Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti gbàgbé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá àgbà a bu omi gbígbóná díẹ̀ sí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a fi ṣíbí onígi ha á, gbogbo rẹ̀ a padà sínú ọbẹ̀. Ìkòkò irin náà sì pòórá lẹ́yìn ìsìnkú. Gbogbo ẹbí ń wojú ara wọn.

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń dáná, ẹ wọn abọ́ iyọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, kí ẹ kọ ọdún sí i. Ìbátan mi kan dán an wò lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá wo òṣùwọ̀n, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣé mo ń ta iyọ̀ ni?"