Bálùwẹ̀ tuntun ń jò sí kíṣìnnì! Ta ló ni gàrántì?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Bálùwẹ̀ òkè tí a tún ṣe kò tíì pé oṣù 9, omi ti ń kán sí kíṣìnnì. Àjà ti wú, mo fọwọ́ kàn án, ìka mi wọlé. Ẹni tó ṣe é ní kí n lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣáwà, pé gàrántì ọdún 10 wà lórí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ yẹn ní kò sí nǹkan tó ṣe ṣáwà àwọn. Mi ò sùn.

Bàbá Tóyọ̀sí, Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Gàrántì ọjà ọ̀tọ̀, ti iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀. Bí ṣáwà bá là fúnra rẹ̀, tilé iṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn táìsì lomi ń gbà, ti bíríkìlà ni. Kí ló wà nínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí?

Ìyá Ìbejì: Ìwé kẹ̀? Orí WhatsApp la ti sọ ọ́.

Àǹtí London: Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má sì pa WhatsApp yẹn rẹ́ o! Ìwé ò sí, òfin wà: Consumer Rights Act 2015. Bí kò bá fi ìmọ̀ àti ìfarabalẹ̀ ṣe é, kó wá tún un ṣe lówó ara rẹ̀. Bí kò bá tún un ṣe, kó dá nínú owó padà. Ọdún 6 lẹ ní láti pè é lẹ́jọ́.

Ọmọ Glasgow: Ọdún 5 ni lọ́dọ̀ tiwa ní Scotland, mà.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pe ẹlòmíì lánàá. Ó ti tú táìsì mẹ́rin.

Bàbá Tóyọ̀sí: Háà! Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo jẹ́ kí ẹlòmíì tú òrùlé kí n tó kọ̀wé sẹ́ni àkọ́kọ́. Ó ní ọwọ́ ẹlòmíì ti kàn án, gàrántì òun ti kú. 3,200 pọ́n-ùn ló bá a lọ.

Àǹtí London: Gàrántì tirẹ̀ ló kú. Ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin ò kú.

Bàbá Tóyọ̀sí: Ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹ̀rí ńkọ́? Kí lẹ máa fi han adájọ́?

Àǹtí London: Àfọ́kù táìsì! Ìyá Ìbejì, ẹ lọ kó wọn nínú ìdọ̀tí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn. Bó bá jẹ́ pé ó kàn tọ́ gúlúù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, òfìfo ló fi sẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ Glasgow: Kí lẹ fi sanwó, mà? Bí ẹ bá fi credit card san, kódà àsansílẹ̀ nìkan, tí owó iṣẹ́ sì ju 100 pọ́n-ùn lọ tí kò kọjá 30,000, ẹ lè mú báǹkì náà, Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act 1974. Owó lọ́wọ́ ni mo san ní tèmi. Nígbà tí ògiri sán, ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé. Gàrántì tí adójútòfò dúró fún ni mo ń béèrè báyìí.

Àǹtí London: Òjò Manchester yẹn náà ò ràn wá lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi Manchester wa sílẹ̀ o! Ní London yín, kí bíríkìlà tó wo ògiri, ó ti gbowó ibi tó gbé ọkọ̀ sí.

Ọmọ Glasgow: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ tíì rí òjò Glasgow lẹ̀ ń pariwo òjò.

Bàbá Tóyọ̀sí: Bíríkìlà tó kọ́lé bàbá mi, iwájú ilé ẹ̀ la ń gbà lọ síléèwé. Bí ògiri bá sán, bàbá mi á lọ kí i láàárọ̀, á kí i sókè kí ìyá ẹ̀ lè gbọ́. Kó tó dọ̀sán, símẹ́ńtì ti délẹ̀.

Àǹtí London: Òjò lórí páànù ló ń wù mí gbọ́. Lálẹ́, tí wọn ò ní mú iná wá.

Ìyá Ìbejì: Mo ti rí àfọ́kù mẹ́ta. Gúlúù ojú márùn-ún lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣì tutù. Debit card ni mo fi san. Ṣé kí n kọ̀wé sí i lálẹ́ yìí?

Ọmọ Glasgow: Àǹtí London, páànù ilé yín yẹn, ṣé ó ṣì wà?