Hẹ́níà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun ìdí: ṣé ihò kéékèèké tó láti fi tún un ṣe?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán, àwọn dókítà yọ ìfun ìdí àti ihò ìdí màmá mi nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n dá ihò sí ikùn wọn, inú àpò tí ó wà níbẹ̀ sì ni ìgbẹ́ wọn ń gbà báyìí. Nǹkan ti wú sí abẹ́ ìdí wọn, tí wọn kò fi lè jókòó pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ihò ikùn náà sì ti yọ síta. Dókítà ní kámẹ́rà tí wọ́n ń ti ihò kéékèèké kì bọ inú ni wọn yóò fi ṣe é láìla ikùn. Ṣé àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lágbára tó?

Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Hẹ́níà, ìyẹn kí ìfun yọ gba ibi tí ara ti rọ̀, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ṣàpèjúwe yìí. Ti abẹ́ ìdí ń wáyé nítorí pé iṣan tí ó gbé inú ró nísàlẹ̀ ti bá ìfun tí wọ́n yọ lọ, ìfun kéékèèké sì rọ̀ wá sí àlàfo náà. Kámẹ́rà ń jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ rí ìsàlẹ̀ ìbàdí kedere. Yóò rọra tú ìfun tí ó ti lẹ̀ mọ́bẹ̀, yóò fà á sókè, yóò sì fi àwọ̀n ìṣègùn (mesh) bo àlàfo náà, kí ó tó dè é mọ́ egungun lẹ́yìn àti mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Títú ìfun yẹn ni ó gba sùúrù jù, pàápàá lára ẹni tí ó ti gba ìtànṣán, nítorí náà bí dókítà bá padà la ikùn láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣe kà á sí àṣìṣe. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò CT, tí ó ń ya àwòrán inú ara, kí ó dájú pé jẹjẹrẹ kò padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: Ní ti ẹ̀gbẹ́ ihò ikùn, ẹ béèrè bí wọn yóò ti tẹ́ àwọ̀n náà. Bí wọ́n bá gé ihò sí àárín rẹ̀ kí ìfun lè gba ibẹ̀ kọjá, ihò náà lè fẹ̀, kí hẹ́níà sì padà. Ní ọdún 1985, oníṣẹ́ abẹ kan, Paul Sugarbaker, kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tẹ́ ìfun gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ikùn, odidi àwọ̀n tí kò ní ihò yóò sì bò ó. Ńṣe ni ó ń la ikùn láti ṣe é nígbà náà. Lónìí, wọ́n ń gba ihò kéékèèké ṣe é. Èyí ni èmi yóò yàn fún ìyá tèmi.

Ẹni tí ó ti ṣe é: Ti abẹ́ ìdí ni tèmi. Omi kóra jọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ̀rù sì bà mí pé hẹ́níà ti padà, ṣùgbọ́n omi náà gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè iye irú rẹ̀ tí dókítà yín ti ṣe, torí kò wọ́pọ̀. Bí màmá bá ń bì, tí ikùn ń ro wọ́n, tí nǹkan kan kò sì wọ inú àpò mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.